Ààyè Màámi Lórí Àpáta Àwẹ̀lé

Sẹ̀kínát dá òkúta náà mọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni, ọyẹ́ ṣì ń ta ènìyàn lójú. Òun àti Ẹniọlá ni wọ́n kọ́kọ́ dé sáìtì lẹ́yìn Igbó-Elérin, níbi tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́fà ti ń fi òkúta dí àbàtà. Omi àti eèsún ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn Ẹ̀gùn máa ń dẹ ìgèrè síbẹ̀ kí Èkó tó ráyè débẹ̀. Nísinsìnyí, típà ló ń wá tú òkúta dà síbẹ̀ láràárọ̀, àwọn obìnrin bíi Sẹ̀kínát a sì máa fi orí ru àwọn tí katapílà kò lè tì dé ẹ̀bá ògiri.

Ó bẹ̀rẹ̀ kó lè yí òkúta kan sórí òṣùká rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ìlà mẹ́ta lára rẹ̀. Ìlà ọ̀dà búlúù ni, wọ́n dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó wà láàárín ti wọ́ nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ẹni tó kùn ún ti yẹ̀. Sẹ̀kínát mọ ohun tó mú kí ọwọ́ yẹ̀. Tata kan ló bà lé e lọ́rùn lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ tirẹ̀ ni.

Nígbà Iléyá ọdún méjì sẹ́yìn ni. Ọ̀dà ṣẹ́ kù ní sáìtì kan ní Ìbà, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún un, ó gbé e lọ sílé ní Ìdí-Òkè láti fi sàmì sí ààyè ìyá rẹ̀ lórí àpáta. Àwọn obìnrin tó kù fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Wọ́n ní ọmọ Èkó ti dé, ó fẹ́ fi àpáta ṣe yàrá ìyàwó.

"Sẹ̀kínát, ṣé o ti sùn lórí ìdúró ni?" Ẹniọlá bi í. "Fọ́máànù ń bọ̀ o. Bó bá bá ọ báyìí, á ní o ti ń gbàdúrà sí òkúta."

Sẹ̀kínát fi ìka tọ ìlà àárín náà lọ sísàlẹ̀.

Ìdí-Òkè kò tóbi. Abúlé kan ni lẹ́yìn Abẹ́òkúta, lójú ọ̀nà tó kọrí sí Ọ̀yọ́, òkè ló sì yí i ká. Èyí tó tẹ́jú jù nínú àwọn òkè náà ni Àpáta Àwẹ̀lé, orí rẹ̀ sì ni gbogbo obìnrin ìlú ń sá láfún sí. Wọn a bó ẹ̀gẹ́, wọn a rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a gbé agbọ̀n rù, wọn a gun òkè lọ tú u ká sórí òkúta gbígbóná. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti gbẹ, ó funfun bí ẹfun. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní ààyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ìyá ló ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kò sí ọkùnrin tó ní in, kò sì sí ìwé kankan lórí rẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti wà lórí ààyè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ààyè bá ṣófo fún ọjà mẹ́ta léraléra, ọjọ́ márùn-ún sí ọjọ́ márùn-ún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ni ín ti jọ̀wọ́ rẹ̀ nìyẹn, obìnrin tó bá sì kọ́kọ́ sá ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ ló gbà á. Àwọn obìnrin ló ṣe òfin yìí fún ara wọn, kí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ má bàa dí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn afọ́kùúta dé pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn, òkè kejì ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́. Èkó ń fẹ́ òkúta. Èkó ń fẹ́ òkúta fún títì, ó ń fẹ́ ẹ fún afárá, ó ń fẹ́ ẹ fún àbàtà tó fẹ́ sọ di ilẹ̀. Ọdún mẹ́rin péré, òkè kejì tán pátápátá. Ihò ló kù níbẹ̀, omi aláwọ̀ ewé dá sínú rẹ̀, ewúrẹ́ méjì sì ti kú sí i. Wọ́n wá yíjú sí Àwẹ̀lé. Àwọn obìnrin kọ̀. Baálẹ̀ pe ìpàdé, àwọn afọ́kùúta wá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn bọ̀wọ̀ fún àṣà. Ibi tí ẹ̀gẹ́ bá wà, àwọn kò ní yin ẹ̀tù síbẹ̀. Ibi tó bá ti ṣófo fún ọjà mẹ́ta, tàwọn ni. Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó rò ó pé òfin tí àwọn obìnrin ṣe fún ara wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lé àjèjì lọ́wọ́ yẹn.

Oṣù kan àbọ̀ rèé tí ìyá Sẹ̀kínát ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Okokomaiko. Àyìndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa típà fún àwọn afọ́kùúta, ló mú u wá. Awọ funfun ti bo ojú ọ̀tún ìyá, Àyìndé sì ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Èkó. Ìyá kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ta ni yóò máa sá ẹ̀gẹ́ sí ààyè òun. Àyìndé fi Ọlọ́run búra pé Maimunat ìyàwó òun yóò máa ṣe é. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó dára. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ìyá di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé. Sẹ̀kínát ló tú ẹrù náà.

"Ẹ ṣe sùúrù kí ojú yín san dáadáa, Màámi," ó wí fún un lọ́jọ́ náà. "Àpáta ò ní sá lọ."

Ó rántí ọ̀rọ̀ yẹn báyìí.

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe Àyìndé.

"Bùọ̀dá, ẹ káàárọ̀."

"Sẹ̀kí, báwo ni? Ojú Màámi ńkọ́?"

"Ó ń san. Wọ́n ní kí n bi yín, ṣé ìyàwó wa sá ẹ̀gẹ́ sí ààyè wọn?"

"Ó sá a. Àná ló kó o ńlẹ̀, funfun báláú. Sọ fún wọn kí wọ́n fọkàn balẹ̀."

"Ẹ̀yin fúnra yín rí i?"

"Èmi fúnra mi. Mo dúró lórí ààyè yẹn lánàá."

Sẹ̀kínát ń wo ìlà mẹ́ta náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ìlà tí mo kùn síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà digbí. Kí ló dé tí o ń wádìí bí ọlọ́pàá? Mo wà lórí ìrìn jàre, mo ti fẹ́ dé Sàngó. Ìbà ni mò ń gbé ẹrù òkúta lọ, lẹ́yìn Igbó-Elérin níbẹ̀. N ò ní ráyè yà kí yín o."

Kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ Bárékè Ọ̀jọ́ ni Sẹ̀kínát ti ń ru kọnkéré. Ibi tí iṣẹ́ bá wà ni ó ń lọ.

"Ó dáa, Bùọ̀dá. Ẹ rọra wakọ̀."

Ó gbé òkúta náà rù. Olúwaṣẹ́gun, fọ́máànù wọn, pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Níbo lò ń gbé òkúta ọlọ́kùúta lọ?"

"Òkúta ìyá mi ni."

Ẹniọlá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Sẹ̀kínát, ó pa á mọ́ra.

"Bó o bá jáde báyìí, má padà wá," Olúwaṣẹ́gun wí.

"Màá padà wá. Kí ẹ dúró dè mí."

Ó rìn gba ojú títì, òkúta ń tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀. Ọlọ́kadà kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé òkúta ni wọ́n ti ń sè jẹ ní Okoko báyìí?" Sẹ̀kínát kò wo ibi tó wà. Ilé ló ń wò. Ilé yìí, ilé yẹn, ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ pupa, odi ṣọ́ọ̀ṣì, gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ilé epo. Ó ń wo ilé, òkè ló ń rí. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ti ṣán gbogbo ìlú wọn sí wẹ́wẹ́, ó sì tò ó sẹ́bàá títì pẹ̀lú ọ̀dà mèremère lára, àwọn ènìyàn sì ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń ra káàdì fóònù nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, ike tí wọ́n fi bo ojú ọ̀tún rẹ̀ ń dán. Sẹ̀kínát sọ òkúta náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìyá na ọwọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra òkúta náà lójú, ibi tó ń dán, tí ẹ̀gẹ́ àti ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ti fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kejì, ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, tó mú bí abẹ. Ó gbé imú sún mọ́ ọn. Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan ṣì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi ojú òsì wo ìlà mẹ́ta náà.

"Ọjà mélòó ni mo ti lò lọ́dọ̀ rẹ?" ó bi í.

"Màámi, n ò mọ̀ pé..."

"Mo ní ọjà mélòó."

"Mẹ́sàn-án."

Ìyá rẹ̀ mi orí. Kò gbóhùn sókè, kò sọ pé ìwọ lo ní kí n ṣe sùúrù. Ó sàn fún Sẹ̀kínát ká ní ó sọ ọ́. Kò sí ẹni tó bá a wí, nítorí náà kò rí ẹni tó máa dá lóhùn. Ìbínú náà kàn ń yí kiri nínú rẹ̀ bí ẹran tí wọ́n tì mọ́lé.

"Àyìndé ń bọ̀ ní sáìtì wa," ó wí níkẹyìn. "Òun ló ń kó o wá."

"Ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ lẹ́yìn ilé ti rọ̀," ìyá wí. Kò lè jókòó lásán ní Èkó. Ó ti ra ẹ̀gẹ́ ní Ìyànà-Ìbà lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó rẹ ẹ́ sínú ike ńlá láti fi ṣe láfún fún ilé. "Fún omi rẹ̀ dànù, kó o sínú àpò. Kí o wá mú mi lọ bá a."

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí típà Àyìndé yọ. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wá síbi òkìtì òkúta, orí rẹ̀ yọ lójú fèrèsé, ó ń wo ẹ̀yìn. Ó rí ìyá rẹ̀ tó jókòó sórí òkìtì náà pẹ̀lú àpò lẹ́sẹ̀. Típà náà dúró gìdì.

Ó sọ̀ kalẹ̀. "Màámi, kí lẹ wá ṣe níbí? Eruku wà, ojú yín..."

"Ojú mi ń ríran. Ìwọ lo ní kí wọ́n tún un ṣe."

Sẹ̀kínát bọ́ síwájú. Láti ìgbà tó ti gbọ́n, ẹ̀yin ló ń pe Àyìndé. "O ní o dúró lórí rẹ̀ lánàá," ó wí.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ìwọ ni. O fi Ọlọ́run búra fún obìnrin tí kò ríran, o mú un kúrò nílé, o wá ta ààyè rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. O ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n fọkàn balẹ̀. O ń wa òkúta wọn bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ bó o ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́."

Àwọn òṣìṣẹ́ ti dúró. Olúwaṣẹ́gun fẹ́ sọ̀rọ̀, Ẹniọlá fà á láṣọ.

Àyìndé wo ilẹ̀. "Maimunat sá a lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá bá mi. Wọ́n ní bí ààyè Màámi bá lè ṣófo díẹ̀, èmi ni àwọn máa máa fún ní mọ́tò wà títí lọ, àwọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ Ùsmán tó ń wà á ṣáájú mi. Sẹ̀kí, ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó lásán ní Ìdí-Òkè. Ìwọ wà ní Èkó."

"Èkó wo ni mo wà? Orí ni mò ń fi ru kọnkéré."

"Kí ni kọnkéré náà?" Àyìndé gbójú sókè. Ìtìjú ti kúrò lójú rẹ̀, ìbínú ti wọ̀ ọ́. "Kí lo rò pé wọ́n fi ń pò ó? Òkè kejì tán, ta ló rù ú? Ìwọ lo rù ú. Kò sí ilé tó o bá wọn kọ́ ní Ìbà yìí tí kì í ṣe òkè wa lo fi kọ́ ọ. Èmi kàn wakọ̀ ni. Tó o bá fẹ́ nà mí, kọ́kọ́ na ara rẹ."

Òótọ́ ni, Sẹ̀kínát mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ru òkúta. Ó ti gbé e gun àjà kìíní, àjà kejì, àjà kẹrin, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè lẹ́ẹ̀kan rí pé níbo ló ti wá. Òkúta kì í sọ ibi tó ti wá, àfi èyí tí ènìyàn bá fi ọ̀dà kùn. Ó fẹ́ gbá Àyìndé létí, ó fẹ́ gbá fọ́máànù létí, ó fẹ́ rí ẹni tó ni ilé alájà mẹ́fà náà, ẹni tí wọn ò rí rí, kó gbá òun náà létí.

"Ó tó," ìyá wí. "Àyìndé, mélòó ló kù níbẹ̀?"

"Nínú kí ni?"

"Ààyè mi. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fọ́?"

"Ìdajì. Wọ́n máa yin ìdajì tó kù lọ́la, láago méjìlá."

"Ààyè àwọn tó kù ńkọ́?"

"Tiyín ló dí ọ̀nà. Bó bá lọ, ẹ̀rọ á lè gòkè. Eruku àti òkúta á máa já lé ẹ̀gẹ́ Ìyá Ràbíátù àti gbogbo wọn. Wọn ò ní lè sá nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Tó bá fi máa di òjò, gbogbo Àwẹ̀lé ti ṣófo nìyẹn."

"Tú òkúta yẹn sílẹ̀," ìyá wí, "kí o ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Màámi, wọ́n á gba mọ́tò lọ́wọ́ mi."

"Ṣílẹ̀kùn."

Ó ṣí i. Sẹ̀kínát ti ìyá rẹ̀ gòkè, ó gbé àpò ẹ̀gẹ́ lé e lẹ́sẹ̀.

"Bó o bá wọ mọ́tò yẹn, iṣẹ́ rẹ ti tán níbí," Olúwaṣẹ́gun pè é látẹ̀yìn.

"Ẹ fún Ẹniọlá ní òṣùká mi."

Wọ́n forí lé Ìdí-Òkè, láti Ìyànà-Ìbà dé Igándò. Wọ́n gba Ìyànà-Ìpájà, wọ́n gba Sàngó. Àwọn típà tó ń bọ̀ wá sí Èkó kún dé ẹnu; àwọn tó ń lọ sókè bíi tiwọn ṣófo, wọ́n ń pariwo bí agolo. Sẹ̀kínát ń wò wọ́n. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, kò rí ohun kan ṣoṣo tí Èkó kó padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gun Àwẹ̀lé. Ààyè ìyá ti dà bí búrẹ́dì tí wọ́n bù jẹ. Apá kan wà, apá kejì já wálẹ̀ sínú ihò, ẹ̀rọ sì ń kùn nísàlẹ̀ ibẹ̀. Eruku funfun bo ohun gbogbo. Sẹ̀kínát fi ọwọ́ gbá a, ó ṣí àpò, ó fẹ́ gbé e fún ìyá rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi," ìyá wí. "Tèmi ti kọjá ọjà mẹ́ta. Mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀, bí mo fẹ́ bí mo kọ̀. Ìwọ ni kó o sá a."

Sẹ̀kínát dúró pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Ó yé e. Bó bá sá a, tirẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ọsibítù lọ́jọ́ Ajé, òun sì gbọ́dọ̀ wà níbí, ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí àti ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, láìjẹ́ kó ṣófo. Ó ti sá kúrò nínú iṣẹ́ yìí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ báyìí.

Ó tú ẹ̀gẹ́ náà kalẹ̀, ó fọ́n ọn ká. Kò pọ̀, kò kárí.

Láago mọ́kànlá kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gòkè wá, ó dé fìlà líle aláwọ̀ yẹ́lò, fèrè tí wọ́n fi ń kìlọ̀ kí wọ́n tó yin ẹ̀tù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kí wọn dáadáa, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o. A fẹ́ ṣiṣẹ́. Ọjà mẹ́ta ti kọjá lórí ibí yìí. Òfin yín ni, kì í ṣe tiwa."

"Òfin wa ni," ìyá dá a lóhùn. "Ó ní bó bá ṣófo, ẹni tó bá kọ́kọ́ sá ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ ló gbà á. Ẹ̀gẹ́ tiyín dà?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìyá ń ṣe àwàdà. Nígbà tí kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó sọ pé, "A bá baálẹ̀ ṣàdéhùn, Ìyá. Ibi tó bá ti ṣófo, tiwa ni."

"Ṣé ó ṣófo?" Sẹ̀kínát bi í.

Ó wo ẹ̀gẹ́ náà. Ó yọ fóònù, ó rìn sẹ́yìn, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Ìyá Ràbíátù gòkè pẹ̀lú agbọ̀n, kò kí ẹnikẹ́ni, ó da tirẹ̀ sí àárín tiwọn níbi tí kò kárí. Obìnrin méjì mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀, Àyìndé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ típà, ọ̀gá kan na ọwọ́ sí i, Àyìndé sì yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kúrò lápò, ó fi lé e lọ́wọ́. Sẹ̀kínát rí i. Àánú rẹ̀ kò ṣe é tó bó ṣe yẹ kó ṣe é.

Agogo méjìlá lù, fèrè kò dún.

Ọmọkùnrin náà padà wá. Kò kúnlẹ̀ mọ́. "Ọ̀gá ní kò burú, lónìí nìkan. Ìgbà wo lẹ máa kó o kúrò?"

"Tó bá gbẹ," Sẹ̀kínát wí.

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

Sẹ̀kínát gbé korobá omi tí Ìyá Ràbíátù fi ṣan ọwọ́, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé ẹ̀gẹ́ náà lórí. Omi funfun ṣàn lórí àpáta, ó lọ bá ọmọkùnrin náà lẹ́sẹ̀, ó sì ní láti sún sẹ́yìn.